Ẹ̀wù Àyáwọ̀ àti Ohun Ẹni: Ìtàn Àtúnrán Aṣọ Òkìríkà nínú Ilé ní Agbègbè Kòsọ́fẹ́

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹ̀wù àyáwọ̀ kì í yẹ ni. Bí kò bá fún ni lápá, a máa dùn ni lọ́rùn. Rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu. Aṣọ tí ènìyàn tọrọ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ tàbí aládùúgbò ni òwe yìí ń bá wí. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé e lé orí ìwọ̀n ayé òde òní, kò sí ohun tí ó bá mu tó aṣọ òkìríkà. Aṣọ tí a gé fún ara ẹlòmíràn, ní ìlú tí òtútù ti ń mú, ni ó ń wọ ọkọ̀ kọjá òkun, tí ó sì ń di aṣọ ọmọ Kétu, ti ọmọ Ìkòsí àti ti ọmọ Máìlì 12. Ẹni tí ó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ lè sanra, ẹni tí ó rà á lè pẹ́lẹ́ńgẹ́. Apá rẹ̀ lè gùn kọjá ọrùn ọwọ́, ìbàdí rẹ̀ lè má gba ìdí obìnrin tí ó nífẹ̀ẹ́ sí i. Síbẹ̀, bí aṣọ náà bá lo alẹ́ méjì tàbí mẹ́ta nínú ilé, ó lè jáde ní ọjọ́ Àìkú kí àwọn ènìyàn má sì mọ̀ pé a kò dìídì rán an fún ẹni tí ó wọ̀ ọ́.

Ẹnu ibodè ni ọ̀rọ̀ òkìríkà sábà máa ń mọ nígbà tí a bá ń jíròrò rẹ̀: òfin ni a ó sọ, àwọn aṣọ́bodè ni a ó dárúkọ, a ó sì kédàárò ilé iṣẹ́ aṣọ tí ó ti kógbá wọlé. Gbogbo èyí ṣe pàtàkì. Ṣùgbọ́n ìtàn náà kò pé bí a kò bá bá aṣọ náà wọ inú ilé, níbi tí abẹ́rẹ́, òwú àti ọwọ́ tí ó mọ iṣẹ́ ti ń sọ ẹ̀wù àyáwọ̀ di ohun ẹni. Ìwọ̀nyí ni ohun tí àròkọ yìí fẹ́ tọ pinpin: bí ìmọ̀ àtúnrán ṣe pẹ́ tó láàrin Yorùbá, bí ó ṣe pàdé òkìríkà, àti ewu tí ó wà nínú jíjẹ́ kí ìmọ̀ náà kú.

Àtúnrán kí òkìríkà tó dé

Àṣìṣe ńlá ni láti rò pé ọwọ́ àwọn Òyìnbó ni Yorùbá ti kọ́ bí a ti ń tú aṣọ, tí a sì ń tún un rán. Ìṣesí aṣọ òkè fúnra rẹ̀ tako irú èrò bẹ́ẹ̀. Lórí òfì àwọn ọkùnrin, aṣọ tóóró ni a ń hun. Ìbú rẹ̀ kò ju bí ínǹṣì mẹ́rin sí márùn-ún lọ. Àwọn ìlà tóóró wọ̀nyí ni a ń tò sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, tí a sì ń fi abẹ́rẹ́ so pọ̀ kí wọn tó di agbádá, dàńdógó, ìró tàbí ìborùn. Ohun tí a so pọ̀ ṣeé tú. Bí agbádá baba bá tóbi jù fún ọmọ tí ó jogún rẹ̀, aránṣọ lè yọ ìlà kan tàbí méjì kúrò ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan láìfi ọ̀bẹ kan aṣọ náà. Bí ìró ìyá kò bá tó ọmọ mọ́, a lè fi ìlà tuntun kún un.

Ọ̀nà mìíràn tí a lè gbà rí i ni nínú aṣọ egúngún. Kì í ṣe ọjọ́ kan ni a ń rán ẹ̀kú parí. Ìdílé a máa fi aṣọ kún un láti ìran dé ìran, tí aṣọ òkè, àrán, àǹkárá àti aṣọ ilẹ̀ òkèèrè fi ń gun ara wọn lórí ẹ̀kú kan náà. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn ìdílé náà lè ka àwọn ègé aṣọ wọ̀nyí bí ẹni ń ka ìwé. Níbẹ̀, aṣọ tí ó ti ọwọ́ ẹlòmíràn wá kò dín iyì ẹ̀kú kù. Ńṣe ni ó ń bù kún un.

Òwe kan tún wà tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀: bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ìmọ̀ àti ìrírí ni a sábà máa ń tọ́ka sí nínú òwe yìí, ṣùgbọ́n ó tún sọ ohun kan fún wa nípa aṣọ. Lójú àwọn tí ó pa á, àkísà kì í ṣe ìdọ̀tí tí a ń kó dànù. Ìṣúra ni, nítorí ó jẹ́ ẹ̀rí pé ẹni tí ó ní i ti wọ aṣọ púpọ̀, ó ti tọ́jú wọn, ó sì mọ ohun tí a lè fi ìyókù wọn ṣe.

Ẹ̀rọ ìránṣọ dé Èkó

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1851 ni Isaac Singer gba ìwé àṣẹ ìjọba Amẹ́ríkà lórí ẹ̀rọ ìránṣọ tí ó ṣe. Ní oṣù kejìlá ọdún yìí kan náà ni ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu ìlú Èkó. Ìṣẹ̀lẹ̀ méjèèjì kò bá ara wọn tan, ṣùgbọ́n àtubọ̀tán wọn pàdé. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní ọdún 1861, òwò òkun gbòòrò sí i, ẹ̀rọ tí a ń fi ọwọ́ yí àti èyí tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ sì di ohun ìní pàtàkì ní ilẹ̀ Yorùbá. Nítorí pé ó ń yí bí ẹsẹ̀ ọkọ̀, àwọn ènìyàn sọ ọ́ ní kẹ̀kẹ́ ìránṣọ. Orúkọ náà kò tíì parẹ́ di òní.

Kí ẹ̀rọ náà tó gbilẹ̀ ni àwọn Sàró tí ó padà wá láti Freetown àti àwọn Àgùdà tí ó dé láti Brazil ti mú ọ̀nà ìgèṣọ àwọn Òyìnbó wọlé. Àwọn télọ̀ àti obìnrin aránṣọ wà láàrin wọn. Àwọn ìyàwó ajíhìnrere pẹ̀lú kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní iṣẹ́ abẹ́rẹ́. Anna Hinderer, tí òun àti ọkọ rẹ̀ dé Ìbàdàn ní ọdún 1853, fi ìránṣọ sí ara ohun tí ó ń kọ́ àwọn ọmọ tí ó wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Nígbà tí ìjọ C.M.S. dá ilé ẹ̀kọ́ gíga àwọn ọmọbìnrin sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1869, iṣẹ́ abẹ́rẹ́ kò gbẹ́yìn nínú ẹ̀kọ́ wọn. Ní Abẹ́òkúta, ní àwọn ọdún 1930, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì àti ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tí ó kó jọ ń ṣe iṣẹ́ ìránṣọ pẹ̀lú ẹ̀kọ́ ìwé àti iṣẹ́ àánú. Báyìí ni abẹ́rẹ́ tí ó wà lọ́wọ́ ọkùnrin aránṣọ ní ìgbà ìwáṣẹ̀ ṣe wọ ọwọ́ obìnrin nínú ilé.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni inú wọn dùn sí aṣọ Òyìnbó. Ní àwọn ọdún 1890, àwọn ọ̀mọ̀wé Èkó kan bẹ̀rẹ̀ sí bọ́ kóòtù sílẹ̀, wọ́n sì ń padà sí aṣọ àti orúkọ ìbílẹ̀. David Brown Vincent di Mojọlá Àgbébí ní ọdún 1894, aṣọ Yorùbá ni ó sì ń wọ̀ nílé àti lókè òkun. Ìbéèrè tí àwọn wọ̀nyí bèèrè kò tíì tán nílẹ̀: ǹjẹ́ aṣọ tí a gé fún ẹlòmíràn lè bá ọmọ Yorùbá mu, ní ara àti ní ọkàn?

Ó tọ́ kí a rántí pé àwọn Òyìnbó fúnra wọn kò kọ àtúnrán nígbà tí ọwọ́ há. Nígbà ogun àgbáyé kejì, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi òté lé iye aṣọ tí ẹnikẹ́ni lè rà, láti oṣù kẹfà ọdún 1941 títí di ọdún 1949. Ní ọdún 1943, wọ́n tẹ ìwé pélébé jáde láti kọ́ àwọn ìyàwó ilé bí a ti ń yí kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì tí ó ti gbó, bí a ti ń fi kóòtù baba rán ti ọmọ, àti bí a ti ń lẹ orúnkún ṣòkòtò. Ní àsìkò yẹn, ẹni tí ó mọ àtúnrán ṣe ni a ń kà sí ọmọ ìlú rere. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá fi àtúnrán ṣe ẹ̀sín, àìmọ̀ ìtàn ni ó ń dà á láàmú.

Orúkọ tí a sọ aṣọ náà

Yorùbá gbà pé ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Àwọn orúkọ tí a fún aṣọ àlòkù fi ojú tí a fi ń wò ó hàn gbangba. Gẹ́gẹ́ bí àlàyé tí ó gbajúmọ̀, òkìríkà wá láti orúkọ ìlú Okrika, ìlú etí omi nítòsí Port Harcourt, níbi tí ẹrù aṣọ bẹ́ẹ̀ ti ń sọ̀ kalẹ̀ láti inú ọkọ̀. Bẹ́ńdáànù-sẹ̀lẹ́ẹ̀tì sọ ìṣesí olùrà: orí ilẹ̀ ni a ń tú u sí, ẹni tí yóò rà á ní láti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ó sì ṣà á. Bọ́síkọ́nà ni ó jinlẹ̀ jù nínú wọn, nítorí ìtìjú ni ó fi hàn. Ẹni tí ó fẹ́ rà á ń bọ́ sí kọ̀rọ̀ kí ojúlùmọ̀ má bàa rí i. Gbàǹjo ní tirẹ̀ jẹ́ ariwo ọjà, ó ń kéde pé owó ti já wálẹ̀.

Àwọn ìlú mìíràn nílẹ̀ Áfíríkà náà ní orúkọ tiwọn. Ní Ghana, obroni wawu ni wọ́n ń pè é, ìtumọ̀ èyí tí í ṣe pé Òyìnbó ti kú, bí ẹni pé ẹni tí ó wà láàyè kò lè kó irú aṣọ bẹ́ẹ̀ dànù. Ní Zambia, salaula ni, ìyẹn ni kí a máa túlẹ̀ kí a sì máa ṣà. Àwọn tí ó ń sọ èdè Swahili ń pè é ní mitumba, nítorí pé ìdì ńlá ńlá ni ó ń bá wá. Bí a bá to àwọn orúkọ wọ̀nyí pọ̀, a ó rí i pé ibi tí aṣọ náà ti wá àti bí a ṣe rà á ni gbogbo wọn ń sọ. Kò sí ọ̀kan tí ó sọ iṣẹ́ tí a ṣe sí i lẹ́yìn tí ó dé ilé. Bóyá ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ìtàn iṣẹ́ náà fi fara sin.

Bí ó ṣe ń dé Kòsọ́fẹ́

Òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà kò gba kíkó aṣọ àlòkù wọlé láti òkèèrè. Síbẹ̀, ó ń wọlé. Nínú ọ̀nà tí ó gbajúmọ̀ jù ni ti Kútọnu, ní orílẹ̀-èdè Benin, níbi tí àdúgbò Missèbo ti jẹ́ ibùdó àwọn oníṣòwò aṣọ àlòkù. Àwọn aṣọ tí àwọn ènìyàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Yúróòpù fi ta ilé iṣẹ́ àánú lọ́rẹ ni a ń ṣà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí a ń tẹ̀ mọ́ra pẹ̀lú ẹ̀rọ, tí a sì ń dì ní bélì. Ìwọ̀n bélì kan lè tó kílógíráàmù 45 tàbí 55. Láti ibodè, wọ́n ń gba ọ̀nà Bádágìrì wọ Èkó, wọ́n sì ń pín lọ sí ọjà bí i Kàtàngúà ní Abúlé Ẹ̀gbá, Yábàá, àti Aswani ní Ìsọlọ̀. Láti irú ọjà wọ̀nyí ni àwọn alátùntà ti ń gbé e wá sí Kétu, Ìkòsí àti Máìlì 12.

Oúnjẹ ni a fi mọ agbègbè yìí jù lọ. Máìlì 12 ni tòmátì, ata àti àlùbọ́sà ti ilẹ̀ Òkè Ọya ń sọ̀ sí. Ọjà èso sì wà ní Kétu àti Ìkòsí. Ibi tí ọjà oúnjẹ bá wà ni alábàárù, awakọ̀, alágbàtà àti aláròóbọ̀ máa ń pọ̀ sí, gbogbo wọn sì nílò aṣọ iṣẹ́ tí kò wọ́n. Nítorí náà, ẹ̀gbẹ́ títì àti abẹ́ afárá ẹlẹ́sẹ̀ kò ṣàjèjì sí aṣọ tí a tú sórí tapólì. Nígbà tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó bẹ̀rẹ̀ ọkọ̀ BRT láti Máìlì 12 sí Erékùṣù Èkó ní oṣù kẹta ọdún 2008, ó túbọ̀ rọrùn fún akọ̀wé àti òṣìṣẹ́ ilé ìfowópamọ́ láti gbé ní Kétu kí ó sì ṣiṣẹ́ ní Erékùṣù. Irú àwọn bẹ́ẹ̀ nílò ṣẹ́ẹ̀tì àti kóòtù tí ó ṣeé jókòó sí ọ́fíìsì, nítorí aṣọ là ń kí kí a tó kí ènìyàn.

Ìnira ọrọ̀ ajé ló sọ òkìríkà di ti gbogbo gbòò. Ní ọdún 1982, ìjọba Ṣàgàrí kéde òfin ìfúnlẹ́gbà ọrọ̀ ajé. Ní ọdún 1986, ìjọba Babangida bẹ̀rẹ̀ ètò àtúntò tí àwọn ènìyàn mọ̀ sí SAP. Náírà já wálẹ̀, aṣọ tuntun wọ́n, àwọn olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba tí kò bá ti yà sí ìsọ̀ òkìríkà tẹ́lẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí bọ́ sí kọ́nà. Irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2023 nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí ó sì jẹ́ kí náírà máa wá ipò ara rẹ̀ ní ọjà. Láàrin méjèèjì, wọ́n ti ibodè ilẹ̀ pa láti oṣù kẹjọ ọdún 2019 títí di oṣù kejìlá ọdún 2020. Nígbà tí bélì bá ń ṣòroó rí báyìí, àtúnrán ni ó ń jẹ́ kí èyí tí ó wà nílé pẹ́ sí i.

Iṣẹ́ ọwọ́ inú ilé

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí iṣẹ́ yìí ti rí ní láti tẹ̀lé aṣọ náà láti ẹnu ọ̀nà. Fífọ̀ ni ó ṣáájú. Omi gbígbóná àti ọṣẹ ni a fi ń fọ̀ ọ́, a sì ń sá a sí oòrùn kí a tó lọ̀ ọ́. Ìdí méjì ni ó wà fún èyí. Èkíní ni ìmọ́tótó. Èkejì ni pé aṣọ tí ó rún jégejège nínú bélì kò lè sọ òtítọ́ nípa ìwọ̀n ara rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹni tí ó ni ín yóò wọ̀ ọ́ ní òdì, inú síta. Ẹlòmíràn yóò fún ibi tí ó tóbi mọ́ra, yóò sì fi pín-ìnnì mú un. Ẹni tí ó wọ̀ ọ́ gbọ́dọ̀ jókòó, kí ó dìde, kí ó sì na ọwọ́ sókè, nítorí aṣọ tí ó bá ara mu lórí ìdúró lè ya bí a bá jókòó. Ọṣẹ gbígbẹ pélébé tàbí ṣọ́ọ̀kì ni a fi ń fa ìlà sí ibi tí pín-ìnnì mú. A ó wá fi òwú tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ rán an ní ìrán gígùn gígùn tí ó ṣeé fà yọ, a ó sì tún un wọ̀ wò. Lẹ́yìn tí ó bá bá ara mu tán ni a ó tó rán an ní àránpa. Rírán ni ó sì gbọ́dọ̀ ṣáájú gígé. A kò gbọdọ̀ gé e kan ojú rírán, àfi kí a ṣẹ́ ínǹṣì kan kù, bóyá ara yóò tún sanra.

Ọgbọ́n tí ó wà nínú mímọ ohun tí ó ṣeé ṣe àti èyí tí kò ṣeé ṣe ju ti ìránṣọ gan-an lọ. Ṣòkòtò kóòtù tí a rán dáadáa a máa ní aṣọ àlékún ní ojú rírán ẹ̀yìn, láti ibi ìgbànú dé ìdí. Ẹni tí ó rán an ti mọ̀ pé ìkùn ènìyàn kì í dúró lójú kan. Ibẹ̀ ni a ń tú, tí a fi ń sọ ọ́ di kékeré tàbí ńlá. Jíǹsì kò rí bẹ́ẹ̀. A ti ká etí rẹ̀ mọ́ ara wọn, a sì ti rán an ní ìlọ́po méjì, nítorí náà ó ṣeé gé kúrú, ó sì ṣeé fún mọ́ra, ṣùgbọ́n kò ní ohun tí a lè tú láti fi sọ ọ́ di ńlá. Ti kóòtù, èjìká ni olórí. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣeé fún, apá rẹ̀ ṣeé gé, ṣùgbọ́n èjìká tí ó bá ti tóbi jù gba kí a tú apá kúrò pátápátá, iṣẹ́ ọ̀gá sì ni. Nítorí náà ni àwọn tí ó mọ̀ ọ́n rà ṣe ń kọ́kọ́ wo èjìká ní orí tapólì, kí wọ́n tó wo ohunkóhun mìíràn.

Gáùn obìnrin a máa mú ìṣòro mìíràn wá: ó lè gba àyà kí ó má gba ìbàdí. Níbí ni ọgbọ́n ìlà aṣọ òkè ti padà jáde. Aránṣọ inú ilé yóò tú ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, yóò sì fi ègé àǹkárá tóóró kún un láti ìgbáròkó dé ìsàlẹ̀. Ohun tí ó jẹ́ àbùkù di ọ̀ṣọ́. Aṣọ tí a rán ní ilẹ̀ òkèèrè ti ní ìlà Yorùbá ní ẹ̀gbẹ́. Ní ti àwọn ọmọdé, ẹsẹ̀ ṣòkòtò baba tí orúnkún rẹ̀ ti gbó lè di ṣòkòtò péńpé ọmọ, ṣẹ́ẹ̀tì sì lè di ẹ̀wù ọmọbìnrin. Ìyá tí ó ń ṣẹ́ etí aṣọ ilé ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́ta, kí ó lè máa tú u wálẹ̀ lọ́dọọdún bí ọmọ ti ń ga, ìmọ̀ kan náà ni ó ń lò.

Abẹ́rẹ́ ọwọ́ tó fún púpọ̀ nínú iṣẹ́ wọ̀nyí. Ilé tí ó bá ní kẹ̀kẹ́ ìránṣọ tí a ń fi ọwọ́ yí tún ní àǹfààní kan ní ìlú tí iná mànàmáná kò ti dúró: àìsí iná kò dá a dúró. Èyí tí ó bá ju agbára ilé lọ ni a ń fi dúró de aránṣọ alágbèékà. Ó gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lé èjìká, ó ń lu sísọ́ọ̀sì rẹ̀ kí a lè mọ̀ pé ó ń kọjá. Obíọma ni àwọn ènìyàn ń pè é, orúkọ Íbò tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ onínú rere. Nínú àgbàlá kan ní Kétu tàbí Ìkòsí, Yorùbá, Íbò, Hausa àti Ẹ̀gùn lè jùmọ̀ pè é dúró, kí olúkúlùkù sì mú ṣòkòtò tirẹ̀ jáde.

Ohun tí ó sọnù

Kò yẹ kí ìyìn àtúnrán dí wa lójú sí àdánù. Ilé iṣẹ́ Kaduna Textiles bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1957, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ aṣọ mìíràn sì tẹ̀lé e ní Kaduna, Kánò àti Èkó. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ó rí iṣẹ́ níbẹ̀. Ní ọdún 2007, United Nigerian Textiles ní Kaduna ti ilẹ̀kùn rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó tún gbìyànjú láti ṣí i lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Ní Ìsọlọ̀, orúkọ ilé iṣẹ́ aṣọ Aswani ni ọjà ọjọ́ Ìṣẹ́gun ń jẹ́, níbi tí a ti ń ta aṣọ òkìríkà. Ibi tí orúkọ rẹ̀ ti ń rántí aṣọ tí Nàìjíríà ń hun ni a ti ń ra èyí tí àwọn ẹlòmíràn bọ́ sílẹ̀.

Òótọ́ ni pé òkìríkà nìkan kọ́ ló fa ìṣubú yìí. Àìdúró iná, epo tí ó wọ́n, ẹ̀rọ tí ó ti gbó, àti aṣọ tuntun tí a ń fà wọlé láti ilẹ̀ Éṣíà kó ipa tiwọn. Bẹ́ẹ̀ sì ni kì í rọrùn fún orílẹ̀-èdè kan láti dá ti ẹ̀nu ọ̀nà. Nígbà tí Rwanda fi owó orí kún ti aṣọ àlòkù ní ọdún 2016, ìjọba Amẹ́ríkà fawọ́ àǹfààní òwò aṣọ tí ó fún un sẹ́yìn ní ọdún 2018. Ní Accra, iná jó ọjà Kantamanto ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìíní ọdún 2025. Kì í ṣe àwọn tí ó ń tà nìkan ni ó pàdánù, àwọn tí ó ń tún aṣọ rán, tí ó ń pa á láró, tí ó sì ń lọ̀ ọ́ pẹ̀lú sọ ẹ̀rọ wọn nù. Ìyẹn fi hàn pé iṣẹ́ ọwọ́ lẹ́yìn aṣọ àlòkù ti di ọrọ̀ ajé fúnra rẹ̀.

Ṣùgbọ́n àdánù kan wà tí ó sún mọ́ olùkọ́ ju ti ilé iṣẹ́ lọ: ìmọ̀ náà ń fi ilé sílẹ̀. Bí ó ti ń ku ẹni tí ó mọ bí a ti ń ṣẹ́ etí aṣọ nínú ilé kọ̀ọ̀kan ni iṣẹ́ tí abẹ́rẹ́ kan lè ṣe ń di ohun tí a ń sanwó fún. Nígbà tí ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4 bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1982, ìrètí wà pé ọwọ́ ọmọ yóò mọ iṣẹ́ pẹ̀lú ìwé. Ní ọdún 2011, iṣẹ́ ìránṣọ wọ inú àwọn iṣẹ́ ọwọ́ 34 tí a là sílẹ̀ fún ilé ẹ̀kọ́ gíga. Ó sì tún wà lára 6 tí ó ṣẹ́ kù nínú àtúnṣe tí ìjọba àpapọ̀ kéde ní ọdún 2025. Ohun tí a kọ sínú ìwé ètò ẹ̀kọ́ dára. Ṣùgbọ́n ìwé nìkan kì í rán aṣọ. Kíláàsì tí kò ní abẹ́rẹ́, aṣọ àti ẹni tí yóò fi ọwọ́ hàn wọ́n yóò bí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó lè to orúkọ ìrán méje lẹ́sẹẹsẹ nínú ìdánwò, tí kò sì lè fi bọ́tìnnì kan sí ẹ̀wù ara rẹ̀.

Àgbálọgbábọ̀

Láti orí ìlà aṣọ òkè dé orí ègé àǹkárá nínú gáùn òkìríkà, ìmọ̀ kan náà ni ó ń bá Yorùbá bọ̀: pé aṣọ kì í parí ní ọjọ́ tí a kọ́kọ́ rán an. Òkìríkà kò dá ìmọ̀ náà sílẹ̀. Ó bá a nílẹ̀ ni. Ìjọba lè ti ibodè, ó lè ṣí i. Ilé iṣẹ́ aṣọ lè tún dìde, a sì ń retí kí ó rí bẹ́ẹ̀. Èyíkéyìí nínú wọn tí ó wù kí ó ṣẹlẹ̀, aṣọ tuntun pàápàá yóò gbó, ọmọ yóò ga, ara yóò sanra, yóò sì tún jó.

Àwọn àgbà wí pé ẹ̀wù àyáwọ̀ kì í yẹ ni, wọn kò sì purọ́. Ṣùgbọ́n obìnrin tí ó jókòó ti àtùpà ní yàrá kan ní Ìkòsí, tí ó ń tú ẹ̀yìn ṣòkòtò kí ọmọ rẹ̀ lè rí wọ̀ lọ síbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò lọ́jọ́ kejì, kò jiyàn pẹ̀lú òwe náà. Abẹ́rẹ́ ni ó ń fi dá a lóhùn. Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, tí ọmọ náà bá wọ̀ ọ́, tí ó sì bá a mu rẹ́múrẹ́mú, aṣọ náà kì í ṣe àyáwọ̀ mọ́. Ó ti di ohun ẹni.